Ohun tí a máa ń ṣe tẹ́lẹ̀: "used to" ni àbí "would"?

Tíṣà Ṣómólú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iléèwé ní Ṣómólú. Mo ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan nípa ìgbà tí wọ́n wà ní pámárì. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn kọ rèé, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀:

"When I was in primary school, I use to live with my grandmother at Campos. Her house would have a big mango tree. I used to fall from the tree two times. Every Saturday we use to go to Sandgrouse market and she used to buy akara for us and we used to eat it in the bus. I am used to sleep on her lap when we are coming back. Now I use to visit her only at Christmas."

Mo mọ ibi tó ti ṣì í kọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá fi bírò pupa fa igi sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló máa tún kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni mo lè sọ tí á fi mọ ìgbà tí "used to" yẹ, ìgbà tí "would" yẹ, àti ìgbà tí kò sí èyí tó yẹ nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé tí ọmọ Yorùbá á gbọ́ ni mo fẹ́. Inú ìwé gírámà tó wà lọ́wọ́ mi, ó dà bíi pé àwọn ará Faransé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àǹtí Yàbá fèsì:

Tíṣà, ẹ kú akitiyan. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí gbólóhùn tó fi parí ló tú àṣírí gbogbo ìyókù.

"Now I use to visit her." Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. "Máa ń" tiwa kò ya àná sọ́tọ̀ kúrò lára òní. "Mo máa ń lọ kí i" lè jẹ́ ti ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ ti ogún ọdún sẹ́yìn. "Tẹ́lẹ̀" tàbí "nígbà yẹn" tí a bá fi kún un ló máa jẹ́ ká mọ èyí tí a ń wí. Ọmọ wá mú "use to", ó fi rọ́pò "máa ń" níbi gbogbo tó ti bá a pàdé. Pijin náà ò ràn án lọ́wọ́, torí "dey" inú "I dey go" ò bìkítà bóyá lónìí ni tàbí lánàá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní "use to" kankan fún ìsinsìnyí. Láyé àtijọ́, wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti kú. Ohun tí a ṣì ń ṣe dòní, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni kí ó kọ: "I visit her at Christmas", tàbí "I usually visit her at Christmas".

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ní kí ó ṣe ni kí ó fi "tẹ́lẹ̀" sí ìdí gbólóhùn Yorùbá tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Mo máa ń lọ kí i nísinsìnyí tẹ́lẹ̀" kò dọ́gba, ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i. Ibi tí "tẹ́lẹ̀" bá ti kọ̀ láti jókòó, "used to" ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Lẹ́tà "d" ló kàn. Tí òyìnbó bá ń sọ "used to", "d" àti "t" ti dà pọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ "d" yẹn, yálà ní London tàbí ní Òyìngbò. Tiwa tún wá lé kan sí i. Lẹ́nu òyìnbó, "used" tó túmọ̀ sí "lò" ní ohùn "z" nínú, "used to" ti bárakú sì ní ohùn "s". Yorùbá ò ní "z", bákan náà ni méjèèjì ṣe máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Etí ò lè ran ọmọ yìí lọ́wọ́, ojú ni kó lò. Kó mọ̀ pé "d" máa ń wà níbẹ̀, àfi tí "did" tàbí "didn't" bá ti ṣáájú: "Did you use to live at Campos?" "We didn't use to lock the gate." "Did" ti gbé àná dání, kò tún sí ìdí tí "use" á fi gbé e. Bí ẹ kò ṣe ní gbà á láyè kó kọ "did you went" nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni "I used to fall two times". Ohun tí a ka iye rẹ̀ kì í ṣe bárakú mọ́. Bó bá ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, kó kọ "I fell twice". Bákan náà ni ohun tí a wọn gígùn rẹ̀. Ẹ lè fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ: ó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà láti 1914 títí wọ́n fi kó ìjọba lọ sí Abuja ní oṣù Kejìlá 1991. "Lagos used to be the capital" dáa. "Lagos used to be the capital for 77 years" kò dáa, "Lagos was the capital for 77 years" ni. Tó bá ti ní "for", tàbí "from" kan àti "to" kan, kí ó sá fún "used to": "Trams ran on Lagos Island from 1902 to 1933." Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, "twice a week" yàtọ̀ sí "twice". "We used to go twice a week" tọ̀nà, torí bí ó ṣe ń wáyé léraléra ló ń sọ, kì í ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ tó gbọ́ òfin yìí láàbọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo nọ́ńbà rẹ́.

"I am used to sleep" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù rárá. "Ó ti mọ́ mi lára" ni. "Am", "is", "was" tàbí "got" tó wà níwájú rẹ̀ ni àmì, ohun tó sì ń tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní "ing" nídìí: "I am used to the noise at Oshodi", "She got used to waking at four". Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ sọ ni "I used to sleep on her lap", "am" ló dá a rú. "When we are coming back" náà ní láti di "were".

Mi ò tíì fọwọ́ kan igi máńgòrò. Ẹlòmíì á ṣe ìyẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì:

Àǹtí Yàbá ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ti "would", torí ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti wúlò ju bí àwọn tíṣà ṣe rò lọ.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún ọmọ pé "would" ni "yóò" tàbí "máa" tí a sọ di àná, ó parí síbẹ̀. Ọmọ ò wá ní mọ ohun tí "would" ń wá nínú ìtàn ìgbà èwe. Ẹ sọ fún un pé kó ronú sí bí ìyá àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ àtijọ́: "Nígbà yẹn, a máa ń tètè jí. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màmá wa á dìde, á gbá iwájú ilé, á pọn omi kún kòkò, á wá pe àwa ọmọ." Ẹ wo "á" yẹn. Ohun tó ti kọjá tipẹ́ ni, síbẹ̀ "á" tí a fi ń sọ ohun tó ń bọ̀ ni wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "would" ṣe ń ṣiṣẹ́: "We used to wake early. At first light Mother would get up, sweep the front of the house, fill the pots and call us." Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ti mọ "would" tẹ́lẹ̀, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ tún kíyè sí i pé "á" yẹn kò dédé bẹ̀rẹ̀. "Nígbà yẹn, a máa ń" ló kọ́kọ́ la ilẹ̀kùn fún un. Tí ẹ bá pàdé ẹnì kan ní Ìdúmọ̀tà tó ṣàdéédé sọ pé "Màmá mi á gbá iwájú ilé", ẹ máa rò pé lọ́la ni. Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀. "I would go to my uncle's shop" tó dá wà máa mú kí òǹkàwé béèrè pé "tí kí ni bá ṣẹlẹ̀?", torí ó dún bí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ àmọ́ tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ fi àkókò sí i níwájú, ara á sì tù ú: "On market days I would go to my uncle's shop."

Ó wá ku igi máńgòrò. Ẹ ní kí ọmọ gbé e padà sí Yorùbá pẹ̀lú "á": "Ilé màmá àgbà á ní igi máńgòrò." Kò lọ. Ó dún bí ẹni tó ń méfò. Ohun tí a máa sọ ni "Igi máńgòrò ńlá kan wà nínú ilé wọn". Ohun tó kàn wà bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ìṣe tí ẹnì kan dìde ṣe, "would" ò gbà á: níní, mímọ̀, gbígbé níbì kan, jíjẹ́ ẹnì kan, fífẹ́ràn nǹkan. "Her house had a big mango tree" ti tó. "There used to be a big mango tree" náà dáa, tí wọ́n bá ti gé igi náà.

Tíṣà Ṣómólú:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti "á" yìí máa wọlé sí wọn lára. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ṣé a lè sọ fún wọn pé "would be" kò sí nínú ọ̀rọ̀ àná rárá, kí wọ́n má bàa dàrú? Èkejì, "wouldn't" ńkọ́? Ọmọ kan kọ "My brother wouldn't eat beans", mi ò mọ̀ bóyá kí n fún un ní máàkì.

Bàbá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta fèsì:

Tíṣà, ẹ má sọ fún wọn pé "would be" kò sí. Irọ́ ni, ọmọ tó gbọ́n á sì rí i nínú ìwé ìtàn, á wá bi yín. "Every morning the bus would be full by seven" dáa pátápátá, torí kíkún yẹn ń padà wáyé láràárọ̀. "Our house would be blue" ni kò dáa, torí kì í ṣe àràárọ̀ ni ilé ń di aláwọ̀ búlúù. Ohun tí ẹ máa ní kí wọ́n béèrè ni bóyá nǹkan náà ń dáwọ́ dúró tó sì ń tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń dáwọ́ dúró, "would" lè gbà á. Tó bá kàn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní gbà á.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Yorùbá jù, Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ẹ má bínú. "Ebi á máa pa wá" gba "á", ṣùgbọ́n "We would hunger" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni ń sọ lónìí. "We would get hungry" ni. Gẹ̀ẹ́sì nílò "get" tàbí "feel" níbẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ "mo máa ń fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn", tí ọmọ bá fi ìyẹn dán "would" wò, á kọ "I would love it", èyí tó túmọ̀ sí "màá fẹ́ bẹ́ẹ̀ o". Ẹ lo Yorùbá láti wọlé, àmọ́ ẹ kọ́ wọn ní ìbéèrè ti ìdáwọ́dúró yẹn pẹ̀lú.

Ti "wouldn't": kì í sábà jẹ́ "kì í ṣe". Ó máa ń jẹ́ "ó kọ̀ jálẹ̀". "My brother wouldn't eat beans" ń sọ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó di ẹnu rẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ ohun tí ọmọ fẹ́ sọ nìyẹn, ẹ fún un ní máàkì, ó tiẹ̀ kọ ọ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé wọn kì í jẹ ẹ̀wà nílé wọn nìkan ló fẹ́ sọ, "We didn't use to eat beans" tàbí "We never ate beans" ni. "Never used to" náà dáa, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. "Used not to" wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Kí wọ́n dá a mọ̀ tí wọ́n bá kà á, kí wọ́n má kọ ọ́.

Mo tún fẹ́ fi kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò sọ. "Used to" ní ẹ̀yìn. Ó máa ń jẹ́ kí òǹkàwé rò pé nǹkan náà ti dópin. "Nigerians used to drive on the left" kò léwu, torí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ti parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ "My grandmother used to be kind" ti bu ìyá àgbà. Òǹkàwé á béèrè ohun tí wọ́n wá dà. "My father used to be an honest man" burú jùyẹn lọ. Bí ẹni náà bá wà láàyè tí ìwà rẹ̀ ò sì yí padà, "is kind" ni. Bí ó bá ti kú, "was kind". Mo ń rí èyí nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, ó sì máa ń dùn mí fún òkú náà.

Olùdarí Àròkọ fèsì:

Ẹ ti parí gírámà, ó ku bí a ṣe ń kọ ọ́ kó dùn ún kà. Ọmọ yìí lo "use to" tàbí "used to" ní ẹ̀ẹ̀meje nínú gbólóhùn mẹ́fà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tọ̀nà, ó máa sú èèyàn.

Ètò tí mo máa dábàá: "used to" kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kí òǹkàwé mọ ayé tí a wà. Lẹ́yìn náà, "would" méjì tàbí mẹ́ta fún àwọn ìṣe tó ń tẹ̀ léra wọn. Tí ó bá ti ju mẹ́ta lọ, kó yí sí ọ̀rọ̀-ìṣe àná lásán, torí "Every Saturday" tó ti wà níwájú ti tó láti sọ pé bárakú ni: "Every Saturday we went to Sandgrouse." Ọ̀pọ̀ tíṣà ń kọ́ ọmọ bíi pé àná lásán kò lè sọ bárakú. Ó lè sọ ọ́, òun gan-an ló rọrùn jù, tí "every", "often" tàbí "always" bá ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ìtàn bá wá dé ọjọ́ kan pàtó, àná lásán nìkan ló kù, "One Saturday, the bus broke down at Obalende". Ibẹ̀ ni àròkọ ti máa ń jí. Ọmọ tó bá fi "would" kọ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí mo ṣe máa tún ti ọmọ yẹn kọ rèé:

"When I was in primary school, I lived with my grandmother at Campos. Her house had a big mango tree, and I fell from it twice. Every Saturday she would take us to Sandgrouse market and buy us akara, which we ate on the bus. On the way home I used to sleep on her lap. Now I visit her only at Christmas."

"Used to" kan, "would" kan, "buy" sì ń jẹ lára "would" tó ṣáájú rẹ̀, kò sí ìdí láti tún un kọ. Mo fi "used to" sí ibi oorun, torí ibẹ̀ ni "kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́" ti wúlò.

Ohun èlò kan tún wà tí wọn kì í sábà lò: "was always" pẹ̀lú "ing". Ìyẹn ní ẹ̀mí nínú. "My aunt was always shouting at the conductor" ju ìròyìn lọ, ọ̀rọ̀ náà ti sú ẹni tó ń sọ ọ́, tàbí ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú àròkọ ti tó. Ibi tí "always" máa jókòó sí náà ṣe pàtàkì: ẹ̀yìn "would" ló máa ń wà, "she would always", ṣùgbọ́n iwájú "used to" ló ti dáa jù nínú ìwé, "she always used to".

Fún àwọn tó ń múra WAEC: nínú àádọ́ta máàkì tí wọ́n ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́wàá ni ti ohun tí a sọ, mẹ́wàá ni ti ètò, ogún ni ti bí a ṣe sọ ọ́, mẹ́wàá tó kù ni ti àṣìṣe. "Use to" láìní "d" ń jẹ nínú mẹ́wàá ìkẹyìn yẹn. "Used to" tó kún ojú ewé ń jẹ nínú ogún, ibẹ̀ sì ni òfò tó tóbi wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn tíṣà kì í wò.

Tíṣà Ṣómólú:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Ẹ bá mi fi iṣẹ́ ṣíṣe kan sí i tí mo lè gbé lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé.

Àǹtí Yàbá fèsì:

Ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́fà sójú pátákó, ẹ má kọ Gẹ̀ẹ́sì kankan:

Mo máa ń wọ dáńfó lọ síléèwé báyìí.
Mò ń gbé ní Múṣín tẹ́lẹ̀.
Mo gbé ní Múṣín fún ọdún mẹ́rin.
Tí òjò bá rọ̀, àdúgbò wa á kún fún omi.
Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti mọ́ wa lára.
Bàbá mi kọ̀, wọn ò jẹ́ kí a wẹ̀ nínú ọ̀sà.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ ìdí rẹ̀ ní Yorùbá kó tó kọ Gẹ̀ẹ́sì: ó ṣì ń lọ, ó ti dópin, a ti wọn gígùn rẹ̀, ó ń wá ó ń lọ, ó ti mọ́ lára, ó kọ̀. Ìdáhùn ni "I go to school by danfo", "I used to live in Mushin", "I lived in Mushin for four years", "Whenever it rained, our street would flood", "We are used to the noise of generators", "My father wouldn't let us swim in the lagoon". Ìkẹrin ni wọ́n máa pọ̀ jù tí wọ́n máa ṣì, torí gbólóhùn Yorùbá yẹn kò sọ bóyá àná ni tàbí òní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà lé e lórí. Ẹni tó bá kọ "Whenever it rains, our street floods" náà gbà á, tó bá lè sọ ìdí rẹ̀.

Àti pé kí wọ́n kọ "would" tán pátá. "She'd" lè jẹ́ "she had", ó sì lè jẹ́ "she would". Nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, kò burú. Nínú àròkọ ìdánwò, kí wọ́n má dán an wò.